Bí mo ṣe yan fóònù fún Màámi tó ń ta àdìrẹ

Nígbà tí fóònù Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé àyè ti tán, tí bátìrì rẹ̀ kò sì lè dé ìrọ̀lẹ́ mọ́, èmi ni wọ́n ní kí n bá àwọn wá òmíràn. Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni ìsọ̀ wọn wà. Àdìrẹ ni wọ́n ń tà, orí WhatsApp sì ni ọ̀pọ̀ oníbàárà wọn wà báyìí: wọ́n á ya fọ́tò aṣọ, wọ́n á fi ránṣẹ́, wọ́n á fi ohùn sọ iye tó jẹ́, ẹni tó bá wù á sì sanwó sí báǹkì.

Bí mo ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú àwọn àbúrò mi ni àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Èyí ọkùnrin ní a kò gbọdọ̀ ra èyí tí kò ní 5G, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó yára ju 4G lọ, kámẹ́rà rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kéré sí megapixel 108, ìyẹn mílíọ̀nù 108 ojú kéékèèké tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Èyí obìnrin ní iPhone tòkunbọ̀ ló níyì lọ́wọ́ oníṣòwò. Mi ò bá wọn jà. Mo pe Màámi, mo ní kí wọ́n ka gbogbo ohun tí wọ́n ń fi fóònù ṣe láti àárọ̀ títí wọ́n á fi sùn fún mi, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí géèmù níbẹ̀, kò sí fíìmù. Àwòrán aṣọ ni, ìpè lórí síìmù méjì, fóìsì nóòtì, áàpù báǹkì, gbogbo rẹ̀ nínú oòrùn, torí ìta ni wọ́n máa ń gbé aṣọ sí kí wọ́n tó yà á. Wọ́n wá fi ọ̀kan kún un tí kò sí lọ́kàn mi: "Kí aró mi ṣáà jọ aró o. Oníbàárà kan gba aṣọ tán, ó ní èyí kọ́ lòun rí nínú fóònù."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló darí gbogbo ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà. Mo gba àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan lọ́wọ́ wọn, irú èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ ya ọnà sí lára kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, aró rẹ̀ sì mu dáadáa, mo ká a sínú báàgì, ó di Computer Village, ọjà fóònù n'Íkẹjà.

Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn nínú ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà fún mi. Ó ní RAM, àyè tí fóònù fi ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, GB 16 ni ti ọ̀kan. Mo bi í pé mélòó ni ojúlówó nínú ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní mẹ́jọ. Mẹ́jọ tó kù, inú àyè tí a ń tọ́jú nǹkan sí ni fóònù ti ń yá a, kò sì lè yára tó RAM gidi. Ọ̀rọ̀ megapixel náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Kámẹ́rà megapixel 50, bí a kò bá tọ́ ọ, àwòrán bíi megapixel 12 àtààbọ̀ ló máa ń gbé jáde, torí ó ń pa ojú kéékèèké mẹ́rin pọ̀ sí ọ̀kan kí ìmọ́lẹ̀ lè tó o. WhatsApp á tún fún àwòrán náà kù kó tó fi ránṣẹ́, kódà bí a bá tẹ HD. Megapixel 108 tí àbúrò mi ń wí kò lè dé ọwọ́ oníbàárà kankan bẹ́ẹ̀.

Mo ní kí ó jẹ́ kí a bọ́ síta. Mo tẹ́ aṣọ náà sínú oòrùn, mo fi fóònù méjì tí owó wọn sún mọ́ra yà á, mo wá gbé ojú fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ. Ti àkọ́kọ́ sọ aró di búlúù tó ń dán bíi ike. Àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí ẹ̀kọ ti sán tí aró sì yọ́ wọlé, èyí tí ẹni tó mọ àdìrẹ máa ń wò kó lè mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni, fóònù náà ti nù wọ́n kúrò. Ìkejì, Samsung Galaxy A16 oní-4G, kò pa àwọn ìlà náà rẹ́. Àwọ̀ rẹ̀ ṣì le ju ti aṣọ lọ díẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo wọ inú settings, tí mo yí ojú rẹ̀ láti Vivid, tó ń mú àwọ̀ tàn sí i, sí Natural, ó bá aṣọ mu. Mo tún fi Bluetooth gba àwòrán méjèèjì sórí fóònù tèmi, torí ojú fóònù tiwọn ni àwọn oníbàárà á fi wò ó. Ìyàtọ̀ náà ṣì hàn kedere.

Bátìrì kò dá wa dúró, 5000 mAh ni méjèèjì. Ohun tó tún mú A16 wù mí ni pé Samsung ṣèlérí ọdún 6 fún àtúnṣe sọ́fítíwíà rẹ̀ láti 2024 tó jáde. Màámi kì í pààrọ̀ fóònù àfi tó bá kú, áàpù báǹkì sì máa ń kọ Android tó bá ti gbó jù. iPhone tòkunbọ̀ tí agbára wa ká ti lo púpọ̀ nínú ọdún àtúnṣe tirẹ̀, ojú síìmù kan ṣoṣo ló sì ní. Èkejì á di eSIM, síìmù tí kò ní káàdì, tí a ń gbà sínú fóònù fúnra rẹ̀, wàhálà tí mi ò fẹ́ gbé lé Màámi lórí nìyẹn.

A16 náà ní ibi tó kù sí. Kò ní ihò íapíìsì. Bí síìmù méjì bá ti wà nínú rẹ̀, káàdì mẹ́mórì kò ráyè wọlé mọ́. Kò sí orí ṣájà nínú páálí. Mo bá kúkú ra oní àyè 256GB, mo ra orí ṣájà 25W lọ́tọ̀. Kí n tó sanwó, mo tẹ *#06#, mo fi IMEI tó jáde, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, wé ti ara páálí.

Nígbà tí mo gbé e dé Ìtòkú, mo fi Yorùbá sínú Gboard, áàpù tí a fi ń tẹ̀wé lórí fóònù, kí wọ́n lè máa rí àmì ohùn tẹ̀. Mo sì forúkọ àtàǹpàkò wọn méjèèjì sílẹ̀, torí aṣọ kì í kúrò lọ́wọ́ kan.

Àbúrò mi ọkùnrin ṣì ní oní-5G ló yẹ kí n rà. Fóònù tèmi ní 5G, 4G ló sì ń gbé ní gbogbo ìgbà tí mo bá jókòó ní ìsọ̀ Màámi. Mo ti ní kó wá bá wa níbẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, kó fojú ara rẹ̀ rí ohun tí wọ́n ń fi fóònù ṣe.