Bí wọ́n ṣe ń rán poppet: ọmọlangidi aṣọ fún orókún tó ń dunni

Ẹ jẹ́ kí n yáa tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹ̀jẹ̀ Jésù, poppet tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún lójú nínú fíìmù o. Ọmọlangidi aṣọ kékeré ni, àwọn tó ń ṣe witchcraft ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà lóde òní ń rán an fún ara yíyá, fún oorun, fún ààbò ilé, wọn ò sì fi ṣe àṣírí rárá. Èyí tá a máa rán níbí, ti orókún tó ń dunni ni, torí òun ló rọrùn jù láti fi rí bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́ lójú àwọn tó gbà á gbọ́.

Ohun méjì ni gbogbo ẹ̀ dúró lé. James Frazer, ọ̀mọ̀wé ará Scotland yẹn, ló to méjèèjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: àkọ́kọ́, ohun tó bá jọ nǹkan, ohun tẹ́ ẹ bá ṣe sí i, ẹ ti ṣe é sí nǹkan náà nìyẹn, ìkejì, ohun tó bá ti kan ara èèyàn rí ò tíì kúrò lára ẹni yẹn, ì báà wà ní Sókótó. Àbí kí ló dé táwọn ìyá wa fi máa ń ṣa gbogbo irun tó bọ́ sílẹ̀ tí wọ́n bá dirun ọmọ tán? Ẹni tó bá sì ti gbọ́ nípa àpèta, pé wọ́n á pe orúkọ ẹni tí ò sí níbẹ̀ kí wọ́n tó ta á, ò nílò kí n ṣàlàyé púpọ̀.

Ẹ wá aṣọ òwú (cotton) tàbí felt, aláwọ̀ ewé ni wọ́n sábà máa ń lò fún ìwòsàn. Àmọ́ aṣọ àlòkù ẹni tí wọ́n ń rán an fún ló dáa jù lójú tèmi, T-shirt tó ti gbó báyìí, ó ti bá a lára gbé tipẹ́. Ẹ ṣẹ́ aṣọ yẹn po sí méjì kí ojú ẹ̀ kọjú síra wọn, kẹ́ ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya èèyàn sí ẹ̀yìn ẹ̀: orí, apá méjì, ẹsẹ̀ méjì, ó ti tó, ẹ má wulẹ̀ ya ìka. Kó gùn ju ọwọ́ yín lọ díẹ̀. Ọrùn gan-an ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, tó bá ti tín-ín-rín ju ìka méjì lọ, orí ò ní yí síta dáadáa, á kàn wọnú ọrùn lọ bíi ti ìjàpá, tẹ́ ẹ bá sì fipá fà á, ó máa ya.

Tẹ́ ẹ bá ń gé e, ẹ fi àyè bí ìdajì ìka sílẹ̀ yí ìlà tẹ́ ẹ yà ká. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi rán an, kì í ṣe pé máṣínì ò lè rán an o, wọ́n gbà pé ẹni tó ń fọwọ́ rán an ń ro ohun tó fẹ́ mọ́ ọn ní gbogbo ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá wọlé tó jáde, ẹ̀yìn ìyẹn pàápàá, máṣínì ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́nà lábẹ́ apá kékeré bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ máa padà sẹ́yìn díẹ̀ kó tó lọ síwájú, kó má baà là tẹ́ ẹ bá ń ki òwú sí i. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀ láìrán, kó gba ìka méjì. Ẹ wá fi ẹnu sísọ́ọ̀sì gé aṣọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ apá àti láàárín ẹsẹ̀, kó má kan okùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ibẹ̀ á sún kì. Ẹ wá gba ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ yẹn yí inú ẹ̀ síta, ìdí pẹ́ńsù ni kẹ́ ẹ fi ti apá àti ẹsẹ̀ síta.

Orí, apá, ẹsẹ̀, àwọn lẹ máa kọ́kọ́ ki òwú sí, díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ tó dé ikùn. Ewé tí wọ́n ń fi sí i, bíi rosemary, lavender, chamomile, gbígbẹ ni kó jẹ́ o, tútù á bu síbẹ̀ ni, kí wá ni ọmọlangidi ìwòsàn tó ti bu fẹ́ wò sàn? Ẹ fi òwú wé ewé yẹn kó má baà máa gún aṣọ jáde.

Ó wá ku ohun tí wọ́n ń pè ní taglock: irun, èékánná, tàbí bébà tí ẹni yẹn fọwọ́ ara ẹ̀ kọ orúkọ ẹ̀ sí. Ẹ fi í síbi àyà. Tó bá jẹ́ ti ẹlòmíì lẹ fẹ́ rán, ẹ tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe. Èmi ò bá wọn dọ́gbọ́n sí i o, ẹni tó bá ń jí irun èèyàn he lórí kóòmù, iṣẹ́ míì ló ń ṣe. Ẹ fi ti ara yín bẹ̀rẹ̀, irun yín ò ní bá yín ṣẹjọ́.

Abẹ́rẹ́ wá ńkọ́? Ó ti wà nídìí ẹ̀ tipẹ́. Ère amọ̀ obìnrin kan wà ní Louvre, mùsíọ́mù kan ní Paris, láti Íjíbítì ló ti wá, láyé tí Róòmù ń jọba níbẹ̀, abẹ́rẹ́ 13 ló wà lára ẹ̀, lórí, lójú, létí, lẹ́nu, títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Inú ìkòkò ni wọ́n ti bá a, pẹ̀lú òjé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí. Èèyàn á ní wọ́n fẹ́ pa obìnrin yẹn ni, rárá, ọkùnrin kan ló ń wá ìfẹ́, ó fẹ́ kó má lè jẹ, kó má lè mu, títí tó fi máa wá bá òun. Nǹkan burúkú ṣì ni lójú tèmi, àmọ́ ikú kọ́. Ní Salem, Amẹ́ríkà, lọ́dún 1692, àwọn òṣìṣẹ́ tó bá wọn wó ògiri jẹ́rìí pé àwọn bá poppet nínú ògiri yàrá abẹ́ ilẹ̀ nílé tí Bridget Bishop, obìnrin kan tí wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kàn, ti gbé rí, àkísà àti irun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é, píìnì tí ò lórí sì wà lára ẹ̀. Wọ́n lo ẹ̀rí yẹn nígbà ẹjọ́ ẹ̀, òun ni wọ́n sì kọ́kọ́ yẹgi fún nínú gbogbo àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kàn níbẹ̀ lọ́dún yẹn, ní June 10. Nítorí náà tẹ́nì kan bá sọ fún yín pé Vodun, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ àwọn ará orílẹ̀-èdè Benin, ló ni ọmọlangidi abẹ́rẹ́, ẹ ní kó lọ jókòó. Nínú tiwa yìí, okùn pupa ni kẹ́ ẹ fi rán àmì kékeré sí orókún tó ń dùn yẹn, kò nílò píìnì.

Ẹ wá rán ẹ̀gbẹ́ tó ṣẹ́kù pa. Ó ti di ọmọlangidi, kò tíì di ẹnì kankan, orúkọ ló kù. Ẹ sọ iyọ̀ sómi, ẹ wọ́n ọn sára ẹ̀, ẹ mú un kọjá lórí èéfín tùràrí, ẹ wá pè é lẹ́ẹ̀mẹta: ìwọ ni Lágbájá, ohun tí mo bá ṣe fún ẹ, Lágbájá ni mo ṣe é fún. Orúkọ tí ẹni yẹn ń jẹ́ nílé ni kẹ́ ẹ pè, èyí táwọn tó bí i ń fi pè é.

Látìgbà yẹn lọ, bẹ́ ẹ ṣe máa tọ́jú orókún gidi lẹ máa tọ́jú tiẹ̀. Ẹ fi aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wé e lálẹ́, ẹ fọwọ́ ra á, ẹ máa bá a sọ̀rọ̀, ẹ tú u láàárọ̀. Ọmọdé ò gbọdọ̀ fi ṣeré, ajá ò sì gbọdọ̀ gbé e. Oògùn dókítà ò gbọdọ̀ dúró torí ẹ̀ o, orókún tó bá wú tó tún gbóná, ọsibítù ni ẹ gbé e lọ.

Tó bá ti sàn, tàbí tẹ́ ẹ ò ṣe mọ́, ẹ tú u, ibí yìí lọ̀pọ̀ ò ti ní sùúrù, wọ́n á kàn sọ ọ́ sínú páànù ìdọ̀tí pẹ̀lú orúkọ èèyàn lára ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gba orúkọ náà padà: ìwọ kì í ṣe Lágbájá mọ́, aṣọ ni ẹ́. Ẹ já okùn ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ẹ rán kẹ́yìn, ẹ yọ irun tàbí bébà yẹn, kẹ́ ẹ dá a padà fún ẹni tó ni í tàbí kẹ́ ẹ sun ún. Ewé, ẹ rì í mọ́lẹ̀. Òwú, ẹ sun òun náà. Aṣọ, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, tó bá wù yín ẹ fi nu tábìlì.