Ajá Tó Ń Wá Tí Wọ́n Bá Pè É: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọ

Géètì á kàn ṣí sílẹ̀ díẹ̀ ni, bóyá ẹni tó gbé gáàsì wá ló wọlé tàbí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ ni ò tì í dáadáa, ajá á ti bọ́ síta. Ẹ ó wá rí àgbàlagbà tó ró ìró mọ́ àyà, bàtà kan lẹ́sẹ̀, tó ń pariwo "Jack! Jack! Jack, wá ńbí!" káàkiri àdúgbò. Jack á dúró níwájú lọ́hùn-ún, á wo ojú ẹ̀ báyìí, á tún sáré lọ. Ọ̀kadà ń bọ̀ lápá kan, Márúwá ń bọ̀ lápá kejì. Mo ti rí i n'Íbàdàn, mo ti rí i l'Ékòó, ilé olówó, ilé mẹ̀kúnnù, ajá tí wọ́n kó owó ńlá lé lórí àti ajá ìbílẹ̀ wa tí wọ́n gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ajá yẹn ò dití, kì í sì í ṣe olóríkunkun. Wọn ò kọ́ ọ ni, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n kọ́ ọ tán wọ́n tún fọwọ́ ara wọn bà á jẹ́, èkejì yìí ló sì pọ̀ jù.

Kò sí irú ajá tí ò lè kọ́ ọ, Rottweiler ni o, Lhasa ni o, bíńgò ilé wa ni o. Tó bá jẹ́ ọmọ oṣù méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́mú, iṣẹ́ á yá, ṣùgbọ́n ajá ọdún márùn-ún náà á mọ̀ ọ́n, ó kàn máa gba sùúrù ni.

Ẹ kọ́kọ́ wá ẹran. Kì í ṣe oúnjẹ tó ń jẹ lójoojúmọ́ o, nǹkan tó jẹ́ pé tí òórùn ẹ̀ bá ta sí i nímú, ojú ẹ̀ á yí padà. Ẹ̀dọ̀ màlúù lèmi ń lò. Ẹ bọ̀ ọ́ lómi lásán, kò sí iyọ̀, kò sí ata, kò sí Maggi, àlùbọ́sà gan-an ni kẹ́ ẹ má dán wò torí ó máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Tó bá tutù, ẹ gé e wẹ́wẹ́ bí èékánná ọmọ ìka yín báyìí, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dì í sínú ọ̀rá kéékèèké, ẹ jù ú sí fìrísà. Tí ẹ̀dọ̀ bá wọ́n, iwe adìyẹ tàbí pọ̀ǹmọ́ tí wọ́n bọ̀ rọ̀ dáadáa náà máa ṣe é, ẹja gbígbẹ tí ò níyọ̀ náà dáa. Àwọn kan ń lo Cabin biscuit, nínú ilé ó lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má retí pé bísikíìtì máa borí ewúrẹ́ tó ń sáré kọjá níta. Chocolate, ẹ gbé e jìnnà pátápátá, májèlé ni fún ajá. Egungun adìyẹ tí wọ́n ti sè náà, ẹ má fún un, ó máa ń fọ́ ṣóńṣó ó sì lè gún un nífun.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Èmi kì í lo "wá" torí gbogbo ìgbà la ń lò ó nínú ilé, wá jẹun, wá gba ìpè yìí, wá wo nǹkan tí ọmọ yìí ṣe, ajá á ti gbọ́ ọ títí á ti sú u. "Ńbí!" lèmi ń lò, ó kúrú, ó sì ròkè. Kẹ́ ẹ pe gbogbo ará ilé jọ, bàbá, ìyá, àwọn ọmọ, ọmọ ọ̀dọ̀ àti mẹ́gáàdì, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ náà nìyí o. Tí bàbá bá ń sọ "come", tí mẹ́gáàdì ń pòṣé, tí àwọn ọmọ ń pariwo "wá, wá, wá", kí ni ajá fẹ́ mú níbẹ̀? Orúkọ ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpè o, orúkọ wà fún kó lè wo ojú yín ni. Tó bá jẹ́ orúkọ òwe gígùn tí àwọn àgbà máa ń sọ ajá láti fi bá ará àdúgbò wí lẹ fún un, ẹ gé e kúrú tẹ́ ẹ bá ń kọ́ ọ.

Ó yá, ẹ bẹ̀rẹ̀ nínú pálọ̀, kébi ti máa pa á díẹ̀, kí tẹlifíṣàn wà ní pípa. Ẹ sọ "Ńbí!" lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ohùn tó dùn, kẹ́ ẹ wá mú ẹran jáde kẹ́ ẹ fún un. Kò tíì ṣe nǹkan kan o, iwájú yín ló wà tẹ́lẹ̀, ẹ ṣáà fún un. Bíi mẹ́wàá láàárọ̀, mẹ́wàá nírọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú, kí ẹran tẹ̀lé e, ẹ má na ẹran sí i kẹ́ ẹ tó pè é, torí ajá tó ń wá nítorí ẹran tó rí lọ́wọ́ yín, lọ́jọ́ tí ọwọ́ yín bá ṣófo kò ní dá yín lóhùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Rọ́ṣíà kan wà, Ivan Pavlov, tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1904 lórí iṣẹ́ tó ṣe nípa bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ara, òun ló fi han ayé pé ajá tó bá ti ń gbọ́ ìró kan kí oúnjẹ tó dé, tó bá yá, itọ́ á máa dà lẹ́nu ẹ̀ tó bá ti gbọ́ ìró yẹn, kódà tí ò bá tíì rí oúnjẹ. Bí mo ṣe fẹ́ kí "Ńbí" rí lára ajá yín nìyẹn.

Tó bá ti ń yí orí kíá tó bá gbọ́ ọ, ẹ rìn sẹ́yìn díẹ̀ kẹ́ ẹ pè é, ẹ bọ́ sí yàrá kejì kẹ́ ẹ pè é, ẹ lọ sí kíṣìnnì, ẹ̀yìnkùlé. Ibi yìí ò le. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo ní kẹ́ ẹ má gbàgbé: tó bá dé, kẹ́ ẹ tó fún un lẹ́ran, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ di kọ́là ọrùn ẹ̀ mú. Ọ̀pọ̀ ajá ló máa wá tí wọ́n á dúró síbi tí ọwọ́ ò ti ní tó wọn, tẹ́ ẹ bá na ọwọ́ báyìí wọ́n á yẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ lọ́rùn, ẹran lẹ́nu, ẹ jẹ́ kí méjèèjì máa rìn pọ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń bà á jẹ́ ló kù yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ajá yàgbẹ́ sí pálọ̀. Ẹ pè é, ó sáré wá, ìrù ń mì, ẹ gbá a létí. Lójú tiyín, ẹ nà án torí ìgbẹ́. Lójú tiẹ̀, ẹ nà án torí pé ó wá. Ìgbẹ́ yẹn ti kúrò lọ́kàn ẹ̀ tipẹ́, nǹkan tó ṣe gbẹ̀yìn kí ọwọ́ tó bà á ni pé ẹ pè é ó sì jẹ́ ẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta irú ẹ̀, iṣẹ́ oṣù kan ti bàjẹ́, lọ́jọ́ kejì tẹ́ ẹ bá pè é á dúró lókèèrè á máa wo ọwọ́ yín. Ẹ ó wá máa sọ pé ajá yìí ti ya pòkíì. Kò ya pòkíì, ó lọ́gbọ́n ni.

Kì í sì í ṣe nínà nìkan. Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ wẹ̀ fún un lẹ máa ń pè é, tí ajá yín sì kórìíra omi, ẹ ti bà á jẹ́ nìyẹn. Tó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ já eégbọn létí ẹ̀, tàbí tí dókítà ẹranko dé pẹ̀lú abẹ́rẹ́, kò yàtọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nílẹ̀ wa ni ti àárọ̀: alẹ́ la máa ń tú ajá sílẹ̀ kó lè ṣọ́lé, ilẹ̀ á mọ́, àlejò á fẹ́ máa wọlé, a óò pè é, ó wá, a tì í mọ́ kéèjì tàbí ká so ṣéènì mọ́ ọn di alẹ́. Ojoojúmọ́ ayé! Ṣé ẹ̀yin náà á máa jẹ́ ìpè yẹn?

Òfin tèmi ni pé nǹkan tí ajá ò fẹ́ràn, a kì í tìtorí ẹ̀ pè é. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wẹ̀ fún un, ẹ dìde kẹ́ ẹ rìn lọ bá a níbi tó wà, ẹ mú un lọ́rùn jẹ́jẹ́, ẹ dákẹ́ ẹnu yín. Ní ti kéèjì, ẹ gbé oúnjẹ àárọ̀ ẹ̀ síbẹ̀, fúnra ẹ̀ ló máa wọlé. Kẹ́ ẹ sì máa pè é ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́ láìní nǹkan kan ṣe fún un, ẹ fún un lẹ́ran, ẹ pọ́n ọn lé, ẹ ní kó máa lọ ṣeré. Kó mọ̀ pé tí wọ́n bá pe òun, ayé òun ò ní dópin.

Ìkejì, ẹ má pè é lápètúnpè. "Ńbí, Ńbí, Ńbí, mo ní ńbí, ṣé o ò gbọ́ ni?" Ajá tó bá ti mọ̀ pé ẹ máa pè ní ẹ̀ẹ̀meje, ìkeje ló máa dá lóhùn. Ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan, tí ò bá wá, ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ sáré sẹ́yìn, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ ṣe bí ẹni tó rí nǹkan ayọ̀ nílẹ̀, ẹ jẹ́ kó wù ú kó wá wò ó. Tí ò bá ṣì wá, ẹ lọ bá a. Ẹ sì kìlọ̀ fáwọn ọmọdé kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré, torí wọ́n á máa pè é lọ pè é bọ̀ láìfún un ní nǹkan kan.

Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ń lò ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ má tún un ṣe, ẹ jù ú nù. Ẹ mú ọ̀rọ̀ tuntun, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ nínú pálọ̀. Fèrè náà dáa fún irú ajá bẹ́ẹ̀, torí fèrè ò ní ìbínú nínú, bẹ́ ẹ fọn ọ́n lánàá lẹ máa fọn ọ́n lónìí, kódà tí inú ń bí yín. Àwọn ọdẹ wa ti ń lò ó tipẹ́. Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, lójú tèmi ṣá, púpọ̀ nínú àwọn tó sọnù ni ẹnikẹ́ni ò fún lẹ́ran rí lẹ́yìn tí fèrè dún.

Okùn ló kàn. Okùn gígùn bíi mítà mẹ́wàá, tí wọ́n ń pè ní long line ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì máa ń wọ́n níbẹ̀. Ẹ lọ sọ́jà kẹ́ ẹ ra okùn kànga tó nípọn, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń sá aṣọ, ẹ fi í sílẹ̀, tí ajá bá fà á lójijì á bó yín lọ́wọ́. Ẹ ta kókó sí i lójú méjì mẹ́ta kẹ́ ẹ lè fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má yọ̀. Ẹ má wé e mọ́ ọwọ́ láéláé, ajá tó bá wúwo lè fi gbé yín ṣubú. Ẹ má sì so ó mọ́ ọrùn, bẹ́líìtì tó ń gba àyà àti abẹ́ apá ajá ni kẹ́ ẹ so ó mọ́, torí tó bá ti sáré tó mú eré gan-an tí okùn wá tán, ọrùn ẹ̀ ló máa jìyà ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, kó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ pé, pàápàá ti dìgbòlugi tí wọ́n máa ń gún látìgbà tó bá ti pé oṣù mẹ́ta. Ọjọ́ 28 oṣù Sẹ́tẹ́ńbà ni ọjọ́ dìgbòlugi lágbàáyé, àwọn ibì kan máa ń gún un lọ́fẹ̀ẹ́ lásìkò yẹn, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹranko àdúgbò yín. Pápá ìṣeré ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀ Sátidé dáa gan-an, kí oòrùn tó mú. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín kan ọ̀dà títì kẹ́ ẹ fi ka márùn-ún, tẹ́ ẹ̀yin ò bá lè fara dà á, ẹsẹ̀ ajá náà ò lè gbà á.

Níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa gbóòórùn kiri, ẹ pè é nígbà tó bá fẹ́ gbé ojú sókè, kì í ṣe ìgbà tí ojú ẹ̀ ti wọ ewúrẹ́ lára. Ẹ jẹ́ kó máa borí lọ́pọ̀ ìgbà ná. Okùn kì í ṣe fún kẹ́ ẹ máa fà á bí ẹja, ó wà kó má bàa lè sá lọ ni. Tó bá wá, ẹran méjì mẹ́ta léra wọn, ẹ sì jẹ́ kó padà lọ gbóòórùn. Láti bí oṣù mẹ́fà sókè, etí ẹ̀ lè di lójijì, bó ṣe ń bàlágà nìyẹn, ẹ má sọ̀rètí nù, ẹ dá okùn padà sí i lára kẹ́ ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.

Tó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ó bọ́ síta gan-an kó tó mọ̀ ọ́n tán, ẹ má lé e. Ajá ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ẹ̀yin ní méjì, tẹ́ ẹ bá sì ti ń lé e, eré ló máa fi ṣe. Ẹ pe orúkọ ẹ̀, tó bá ti rí yín, kẹ́ ẹ kọjú sọ́nà ilé kẹ́ ẹ sáré lọ, ọ̀pọ̀ wọn ló máa tẹ̀ lé yín. Tàbí kẹ́ ẹ jókòó sílẹ̀, kẹ́ ẹ máa mi agolo oúnjẹ ẹ̀. Ajá tó fẹ́ràn mọ́tò, ẹ ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò fún un. Báńgà Kérésì máa ń lé ajá sá lọ, ní Dìsẹ́ńbà ẹ tì í mọ́lé kílẹ̀ tó ṣú, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sí kọ́là ẹ̀.

Nígbà tó bá sì wá padà, bó ti wù kó pẹ́ tó, kódà tó bá ti lọ bá ajá aládùúgbò jà, kódà tẹ́ ẹ ti ń wá a fún wákàtí méjì, ẹ dì í mú, ẹ fún un lẹ́ran, kẹ́ ẹ lọ ti géètì. Látọjọ́ kejì, ẹ so okùn mọ́ ọn, kẹ́ ẹ ṣí géètì yẹn sílẹ̀ gbayawu, kẹ́ ẹ dúró nínú kóńpáùndì kẹ́ ẹ pè é. Ojoojúmọ́ lẹ máa ṣe é, títí tó fi máa jẹ́ pé géètì á ṣí, ẹ̀yin ló máa bojú wò.