Bí ọ̀pẹ̀ ṣe lè kojú ọ̀ta nínú ìdíje chess

Nínú ìdíje Swiss, níbi tí wọ́n ti máa ń so àwọn tí èsì wọn bá dọ́gba pọ̀, ìpele kìíní ló sábà máa ń so ọ̀pẹ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀ta. Bí ẹ bá jẹ́ 40, ẹni 1 lórí àtẹ agbára á bá ẹni 21 ta, 2 á bá 22. Ẹ wo ìṣirò Elo, ìyẹn máàkì tó ń fi agbára olùta hàn, kí ẹ tó máa gbọ̀n: bí ọ̀ta bá fi 400 jù yín lọ, tí K yín (iye tó ń pinnu bí máàkì ṣe ń yí tó) sì jẹ́ 20, ìpàdánù á gba máàkì 1.6 péré lọ́wọ́ yín, ọ̀mì á fún yín ní 8.4, ẹ ó sì jẹ 18.4 bí ẹ bá borí. Ọrùn ọ̀ta ni ẹrù wà.

Ohun tó ń pa ọ̀pẹ̀ jù ni kó máa sáré pààrọ̀ gbogbo ọmọ, kó lérò pé bí ọpọ́n bá ti ṣófo, ọ̀mì ti dé. Irọ́ ni. Ibi tí ọmọ ti kù díẹ̀ gan-an ni ọ̀ta ti gbóná jù. Ẹ tètè castle (ẹ gbé ọba àti rook, ọmọ tó ń rìn gbọọrọ, lẹ́ẹ̀kan náà kí ọba lè wà láàbò), ẹ jẹ́ kí ayaba wà lórí ọpọ́n, kí ẹ sì pààrọ̀ kìkì nígbà tó bá yọ yín nínú wàhálà tí ẹ rí.

Bí ó bá padà di rook àti pawn (ọmọ kékeré) kan lọ́wọ́ ọ̀ta, rook nìkan lọ́wọ́ yín, yàtọ̀ sí ọba, ọgbọ́n Philidor, ọ̀ta chess ilẹ̀ Faransé àtijọ́, ni kí ẹ dá. Ọba yín á dúró níwájú pawn náà. Rook yín á wà lórí ìlà kẹta láti ọ̀dọ̀ yín, á máa lọ á máa bọ̀, kí ọba rẹ̀ má bàa kọjá. Ìgbà tí pawn bá wọ ìlà yẹn ni kí ẹ gbé rook lọ sí ìdí ọpọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹ máa fi chẹ́ẹ̀kì ọba rẹ̀ (kí ẹ máa halẹ̀ mọ́ ọn) láti ẹ̀yìn: pawn ti gba ibi tí ì bá sá sí. Ẹni tó bá kánjú kúrò lórí ìlà náà, ọba á wọlé tọ̀ ọ́.

Bí ọ̀ta bá ń ta wàràwàrà, ẹ má bá a sáré. Nínú eré oníṣẹ́jú 90 tó ń fi ìṣẹ́jú àáyá 30 kún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ máa kọ gbogbo ìgbésẹ̀ sílẹ̀ títí dé òpin. Ọmọ tí ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ fọwọ́ kàn láti ta, òun lẹ máa ta.

Nídìí ayò, ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ̀ ò gbọdọ̀ fọhùn. Nídìí chess, àwọn méjèèjì ló ń pa ẹnu mọ́, àfi ẹni tó fẹ́ fi ọ̀mì lọ ẹnìkejì: ẹ ta tán, ẹ sọ ọ́, kí ẹ tó tẹ aago. Bí ọ̀ta bá fi lọ̀ yín fúnra rẹ̀, ẹ tún ọpọ́n wò dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí ó ti rí ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Bí ipò kan náà bá fẹ́ wáyé lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ kọ ìgbésẹ̀ náà sílẹ̀, ẹ má ta á, ẹ dá aago dúró, kí ẹ pe adájọ́ láti béèrè ọ̀mì. Bí ẹ bá ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọmọ, ẹ ti sọ ẹ̀tọ́ náà nù nínú ìgbésẹ̀ yẹn. Bí ẹ sì ṣìrò, ìṣẹ́jú 2 ni wọn ó fi kún aago ẹni tí ẹ ń bá ta.