Òfẹ́ ni òjò sátẹ́láìtì, ṣùgbọ́n ó jẹ dátà mi

Lóòótọ́ ni NASA kì í gbowó lórí IMERG, ìwọ̀n òjò tí sátẹ́láìtì ń kà. Àmọ́ dátà íntánẹ́ẹ̀tì tí mo fi gbé e sọ̀kalẹ̀ wọ́n ju gbogbo ohun tó kù lọ nínú iṣẹ́ tí mo ṣe láti fi kọ̀ǹpútà ṣírò ìṣàn àti ìkún omi odò kan, ọ̀rọ̀ aago lásán ló sì fà á.

Òṣùwọ̀n òjò tó wà lágbègbè odò ọ̀hún kò ju mélòó kan lọ, àkọsílẹ̀ ìṣàn omi rẹ̀ sì kún fún àlàfo. Mo fi SRTM, àwòrán gíga ilẹ̀ tí wọ́n yà láti òfurufú, ya ààlà ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn wọ odò, mo fi HBV, ìlànà ìṣirò tó ń sọ òjò di ìṣàn odò, ṣe àwòṣe.

Ibi tí iṣẹ́ há sí nìyí. Fáìlì IMERG olójoojúmọ́ ń ka òjò láti aago 12 òru dé aago 12 òru ní UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé. Ẹni tó ń yẹ òṣùwọ̀n wò ní aago 9 àárọ̀, òjò tó rọ̀ láti aago 9 àná ló ń kà, nítorí náà òjò ọ̀sán Ajé á bọ́ sábẹ́ Ìṣẹ́gun. Ẹlòmíràn á dá a padà sí Ajé, kò sì ní kọ ọ́ síbì kankan pé òun ṣe bẹ́ẹ̀! Bí a bá wá ń fi ọ̀kan tún èkejì ṣe lójoojúmọ́, 40 mílímítà á dojú kọ òdo lónìí, òdo á dojú kọ 40 lọ́la. Èyí tó bí mi nínú jù ni pé àwòṣe náà kì í pariwo. Ṣe ló máa yí MAXBAS, nọ́mbà inú HBV tó ń fa omi sẹ́yìn kó tó dé odò, títí KGE, máàkì tó ń sọ bí àwòṣe ṣe bá odò gan-an mu tó, á fi dùn ún wò. Ẹ wá fún un ní òjò láti ibòmíràn, ìkún omi á dé lọ́jọ́ tí kò yẹ.

Àfi fáìlì ọlọ́gbọ̀n ìṣẹ́jú: 48 lójúmọ́, 17,520 lọ́dún. Mílímítà fún wákàtí kan ni iye inú wọn, nítorí náà ẹ fi 0.5 sọ ọ́ di púpọ̀ kí ẹ tó ṣírò rẹ̀ pọ̀ láti aago 9 dé aago 9, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òjò á di ìlọ́po méjì. Lon (ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn) ló ṣáájú lat (àríwá sí gúúsù) nínú wọn. Ẹ yí i padà, kí àwòrán má baà dùbúlẹ̀.

Ká ní mo tún un ṣe, fáìlì olójoojúmọ́ ni màá kọ́kọ́ fi dán ibùdó kọ̀ọ̀kan wò: ọjọ́ kan sẹ́yìn, ọjọ́ kan náà, ọjọ́ kan síwájú, kí n wo èyí tó bára mu jù. Ibùdó tó bá yẹ̀ nìkan ni kí ẹ sún, ẹ má sún gbogbo wọn pọ̀. Ẹ sì ní kí GES DISC, ojúlé NASA tí a ti ń gbé fáìlì yìí, gé agbègbè yín nìkan fún yín; 3600 × 1800 ni àpótí tó bo ayé, kí lẹ fẹ́ fi òkun ṣe?

Nígbà tí aago tò tán, góńgó ìkún omi bọ́ sórí ọjọ́ rẹ̀ gan-an, inú mi dùn dé ẹ̀yìn.

Ìyókù kò le. Nínú MOD16, fáìlì NASA tó ń ka omi tó ń fẹ́ lọ sójú ọ̀run láti ilẹ̀ àti ewéko, ẹ yọ 32761 sókè kúrò, torí kì í ṣe iye gidi, ẹ fi 0.1 sọ ìyókù di púpọ̀. Àpapọ̀ ọjọ́ mẹ́jọ ni, àmọ́ èyí tó parí ọdún kò ju ọjọ́ 5 tàbí 6 lọ. SMAP, sátẹ́láìtì tó ń wọn ọ̀rinrin ilẹ̀, kò ríran jìnnà ju sẹ̀ǹtímítà 5 òkè ilẹ̀ lọ, bó ṣe ń lọ sókè sódò ni kí ẹ fi wé àwòṣe, kì í ṣe iye rẹ̀ gan-an. Bó bá jẹ́ ìkìlọ̀ ìkún omi lẹ ń ṣe, ẹ ṣírò àtúnṣe òjò yín lórí Early, ẹ̀dà IMERG tó ń tètè jáde, fúnra rẹ̀, nítorí òṣùwọ̀n orí ilẹ̀ ti oṣù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń tún Final, ẹ̀dà tó ń pẹ́ jáde, ṣe, Early kò sì rí irú àtúnṣe oṣooṣù bẹ́ẹ̀.