Owó díẹ̀ ni mo fi sọ ògbólógbòó kọ̀ǹpútà mi dọ̀tun

Fún nǹkan bí ọdún méjì, bí mo bá ti tan kọ̀ǹpútà mi láàárọ̀, ilé ìwẹ̀ ni mo ń kọjá sí. Màá wẹ̀, màá nu ara, màá wọṣọ, màá padà dé, àmì róbótó yẹn á ṣì máa yí lójú monitor. Mi ò tiẹ̀ bínú mọ́, ó ti mọ́ wa lára. Ọjọ́ tí mo ní iṣẹ́ kan tí mo gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù, tí ẹ̀rọ yìí wá dákẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ẹni tó sùn lọ, ni mo tó sọ fún ara mi pé ó tó gẹ́ẹ́.

Gbogbo ẹni tí mo fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ló ní kí n gbé e jù nù, kí n ra tuntun. Ìmọ̀ràn ò wọ́n, owó ló wọ́n. Mo wo ohun tó wà nílẹ̀: desktop kan tó ní processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Core i5-3470, èyí tó jáde lọ́dún 2012, RAM (àyè tí iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ ń lò) 4 GB, àti hard disk (ibi tí fáìlì ń gbé) 500 GB. Ó ti dàgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n processor tó ní core mẹ́rin kò yẹ kó máa mí hẹlẹhẹlẹ torí pé a ní kó ṣí lẹ́tà ojú ìwé kan. Kí n tó yọ owó lápò, mo fẹ́ mọ ibi tó ti ń dùn ún gan-an.

Mo tan án, mo tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀ kí Task Manager, ojú ìwé tó ń fi bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, lè jáde, mo sì jókòó tì í. Mi ò ṣí nǹkan kan. Mo kàn ń wò ó. Níbi tí wọ́n kọ CPU, ìyẹn processor, sí, 6% ni mo rí. Memory, ìyẹn RAM, wà ní 91%. Disk wà ní 100%, ó sì wà níbẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú márùn-ún láì yẹsẹ̀. Ojú mi là. Processor tí mo ti ń bú láti ọjọ́ yìí, ṣe ló káwọ́ gbera, ó ń dúró de hard disk.

Ọ̀rọ̀ náà kò le. Inú hard disk bíi tèmi, àwo pẹlẹbẹ kan ló wà níbẹ̀ tó ń yí nígbà 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, pẹ̀lú apá tín-ín-rín kan tó ń sáré síwá sẹ́yìn lórí rẹ̀ láti wá ohun tí a bá béèrè. Bí ohun tó ń wá bá tò tẹ̀ lé ara wọn lójú kan, kò burú. Ṣùgbọ́n bí Windows bá ń jí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì wẹ́wẹ́ tó fọ́n káàkiri ló ń béèrè, wíwá ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì lè gba tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ lè ní kí ló wà nínú ìyẹn. Ẹ sọ ọ́ di ìgbà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ó ti lé ní ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ nìyẹn, a ò tíì ṣe nǹkan kan. SSD, irú disk ìgbàlódé kan, ní tirẹ̀ kò ní ohun tó ń yí nínú, kò sí apá tó ń sáré kiri. Ó mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà, ó sì ń mú un jáde lójú ẹsẹ̀. RAM mi tó ti kún náà tún ń dá kún ìyà hard disk, torí ohun tí RAM kò bá rí àyè fún, orí hard disk yẹn kan náà ni Windows ń kó o lọ.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé graphics card (káàdì tó ń gbé àwòrán jáde) ló wà lọ́kàn mi tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan tó máa ń ta géèmù ló ti sọ ọ́ dùn mọ́ mi létí. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Iṣẹ́ tèmi kò ju lẹ́tà, ìṣirò àti íntánẹ́ẹ̀tì lọ, graphics card kò sì lè mú kí hard disk yára sí i. Mo fagi lé e. SSD àti RAM ló kù.

Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, mo lo ètò kan tó ń jẹ́ CrystalDiskInfo láti yẹ ara hard disk náà wò. Àwọ̀ òfeefèé ló gbé jáde, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà Caution: àwọn ojú kan ti ń bàjẹ́ lórí àwo yẹn, disk ti ń fi ibòmíràn rọ́pò wọn lábẹ́lẹ̀. Àyà mi já. Àwòrán ọmọ mi láti ọjọ́ ìkómọ ló wà níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, kíkó fáìlì sórí disk àgbéká ni mo fi gbogbo rẹ̀ ṣe, n kò sì sùn títí tó fi parí.

Lọ́jọ́ kejì, mo yọ wáyà iná, mo tún tẹ bọ́tìnì ìtanná mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí iná tó ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ lè tán. Mo gbé e lọ síta, torí mo fura sí ohun tí màá bá nínú rẹ̀. Ohun tí mo bá ju ìfura lọ. Eruku ti hun ara rẹ̀ bí aṣọ òtútù sáàárín fáànù processor àti irin pẹlẹbẹpẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo fi èékánná gbé etí rẹ̀, odindi ló ká kúrò, ó nípọn bí ìtẹ́lẹ̀ bàtà. Aláǹtakùn kan ti kọ́lé sí igun ìsàlẹ̀. Onílé ti kú, ilé rẹ̀ ṣì wà.

Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti agolo afẹ́fẹ́ ni mo fi lé eruku náà jáde. Mo fi ìka di fáànù mú bí mo ṣe ń fẹ́ ẹ, torí bí afẹ́fẹ́ bá yí i ní àyíjù, ó lè bàjẹ́. Nígbà tí mo tú fáànù kúrò lórí processor, mo rí i pé thermal paste tó yẹ kó máa gbé ooru láti orí processor lọ sára irin ti gbẹ bí ẹfun. Mo fi òwú àti isopropyl alcohol nù ún títí ojú irin fi ń dán, mo wá kán tuntun sí àárín, kò ju ìlẹ̀kẹ̀ kékeré kan lọ. Power supply, àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà, ni mi ò tú o. Iná lè wà nínú àpótí yẹn fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti yọ wáyà, iná yẹn kì í ṣe ti ẹ̀rín.

RAM ló wá dójú tì mí. Mo ti lọ rà á kí n tó tú kọ̀ǹpútà. Ohun tí mo kà lára rẹ̀ ni 8 GB, mo rí i pé ti desktop ni, mo sanwó. Ó di ìgbà tí mo fẹ́ fi sí i, kò wọlé. Mo yí i pa dà, mo tún tẹ̀ ẹ́, kò wọlé. Díẹ̀ ló kù kí n fi agbára tì í. Ọlọ́run ló yọ mí tí mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ihò kékeré tó wà ní ìsàlẹ̀ wọn kò sí lójú kan náà. Lára ti àtijọ́, PC3-12800 ni wọ́n kọ, PC4 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lára èyí tí mo rà. DDR4, RAM ìran kẹrin tó ní ẹsẹ̀ 288, ni mo fẹ́ ki bọ ojú ihò DDR3, ìran kẹta, tó jẹ́ 240! Ẹni tó tà á fún mi gbà á padà nígbà tó rí i pé kò ha, ó fún mi ní DDR3 méjì, 4 GB kọ̀ọ̀kan. Àtijọ́ ni wọ́n, nítorí náà wọn ò tiẹ̀ wọ́n tó ti àkọ́kọ́.

Mo fi méjèèjì sínú ihò tí àwọ̀ wọn bára mu, bí ìwé motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́) ṣe wí, kí processor lè máa lò wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo tan iná. Monitor ṣókùnkùn, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ké píìn, píìn, píìn. Òógùn bò mí. Kò sí nǹkan kan tó bàjẹ́, ọ̀kan nínú wọn ni kò jókòó dáadáa. Mo pa iná, mo yọ ọ́, mo tún un tẹ̀, mo sì dúró títí mo fi gbọ́ kẹ́ ní apá ọ̀tún, kẹ́ ní apá òsì. Ó tàn.

SSD ni kò fún mi ní wàhálà rárá. 240 GB ni mo rà, irú èyí tó ń lo wáyà SATA. Àwọn kan wà tó yára jù ú lọ, àmọ́ motherboard mi kò ní ojú fún wọn. SATA tèmi lè gbé nǹkan bí 550 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn sì tó mi. Ó kéré ju àyè hard disk lọ, ni mo bá fi síkúrù méjì dè é lápá kan. Kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀, kò lè gbọ̀n. Mo yọ hard disk àtijọ́ kúrò pátápátá, kí n má baà ṣèèṣì fi nǹkan sórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Windows ló kù. Microsoft ti ṣíwọ́ àtúnṣe fún Windows 10 láti 14 October 2025, Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò kan) àti processor Intel ìran kẹjọ sókè, ìran kẹta sì ni tèmi. Ọgbọ́n wà tí àwọn ènìyàn ń dá láti fi gba ẹ̀yìn wọlé. Mi ò dá a, torí mi ò fẹ́ kí àtúnṣe ọjọ́ kan wá tì mí síta. Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, ni mo kọ sórí flash. Mo kọ́kọ́ lò ó láti orí flash yẹn láì tíì fi sí kọ̀ǹpútà, mo dán ohùn, íntánẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wò. Gbogbo wọn ṣiṣẹ́, mo wá fi sórí SSD. Mo pàdánù ètò ìṣirò kan tí mo fẹ́ràn, mo sì fi ọ̀sẹ̀ kan kùn. Àwọn tábìlì kan nínú lẹ́tà mi àtijọ́ náà yẹ̀ díẹ̀ nígbà tí LibreOffice, ètò ìkọ̀wé orí Mint, ṣí wọn.

Ohun kékeré kan tún yọjú: bí mo bá yọ wáyà iná, aago kọ̀ǹpútà á padà sí ọdún pípẹ́ sẹ́yìn, ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì á sì máa kọ̀ mí. Bátìrì CR2032 tó wà lórí motherboard ló ti kú. Mo pààrọ̀ rẹ̀, ó tán.

Mo fi fóònù ka àkókò kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí: ìṣẹ́jú 4 àti àáyá 35 kó tó ṣeé lò. Nísinsìnyí, àáyá 24. Fídíò 4K ṣì ń kọsẹ̀, torí processor ayé ijọ́un ni, 1080p ni mo ń wò ní tèmi. Hard disk àtijọ́ wà lórí pẹpẹ, n kò gbẹ́kẹ̀ lé e fún nǹkan kan.

Ẹsẹ̀ mi ni kò tíì gbọ́ ìròyìn náà. Ní àárọ̀ yìí, mo tan kọ̀ǹpútà, mo kọjá sí ilé ìwẹ̀. Ìgbà tí mo fi padà dé, ó ti jí, ó ti dúró dè mí títí ó sú u, monitor ti pa ara rẹ̀.