Ẹ Má Dúró Títí Orúnkún Á Fi Lé Yín Kúrò Lórí Pápá

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó kọjá, mo wà létí pápá kan l'Ókè-Fíà níbí l'Óṣogbo. Ẹ̀gbọ́n kan tó ti gbá bọ́ọ̀lù jẹun dáadáa nígbà kan jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó ń fi báńdéèjì di orúnkún ọ̀tún, ó yí i lẹ́ẹ̀mẹta, ó tún yí i lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá ju oògùn ara ríro méjì sẹ́nu, ó fi píọ́ wọ́tà lé e. Bó ṣe wọlé báyìí làwọn èèyàn ń pariwo ìnagijẹ ẹ̀ àtijọ́. Kò pẹ́ tí ọmọ kan tí ò lè ju ọdún 17 lọ gbé bọ́ọ̀lù kọjá lára ẹ̀, ẹ̀gbọ́n fẹ́ yí, ẹsẹ̀ ò bá a yí. Nígbà tó máa di ẹlẹ́ẹ̀kejì, ọmọ yẹn mọ̀ọ́mọ̀ dẹ eré sílẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n lè gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù láàrin àwọn eléré ìdárayá tó yẹ kó ti fẹ̀yìntì ni "ẹ jẹ́ n ṣe ọdún kan sí i." Ọdún kan yẹn kì í tán. Ọmọ ọdún 38 ni Muhammad Ali, abẹ̀ṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀, nígbà tó bá Larry Holmes jà lóṣù kẹwàá 1980, ó jẹ ẹ̀ṣẹ́ débi pé àwọn èèyàn tiẹ̀ ló ní kí wọ́n dá ìjà dúró. Ó yẹ kó ti tó, ṣùgbọ́n ó tún lọ bá Trevor Berbick jà ní Bahamas lóṣù kejìlá 1981, ó tún pàdánù, ìgbà yẹn ló tó fi í sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1984, àwọn dókítà ti rí àìsàn Parkinson lára ẹ̀. Mi ò ní ìjà méjì yẹn ló fà á o, ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fi kún ayé ẹ̀?

Tẹ́ ẹ bá sọ báyìí wọ́n á ní Roger Milla, agbábọ́ọ̀lù Kamẹrúùnù, ńkọ́. Lóòótọ́ ó jẹ góòlù nígbà tí wọ́n pàdé Rọ́ṣíà nínú Ife Àgbáyé 1994 lẹ́ni ọdún 42, àmọ́ ẹ rántí pé 6-1 ni Rọ́ṣíà na Kamẹrúùnù lọ́jọ́ náà, Salenko ti Rọ́ṣíà nìkan jẹ márùn-ún. Ìdajì kejì ni wọ́n gbé Milla wọlé. Góòlù mẹ́rin tó jẹ nínú Ife Àgbáyé 1990 náà, ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ eré ni wọ́n máa ń gbé e wọlé. Ẹ̀gbọ́n wa ní tiẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ parí, ó tún fẹ́ gbá fíríkíìkì.

Oògùn yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ìrora ni ara fi ń kìlọ̀ fún wa, ẹ má fi oògùn tàbí abẹ́rẹ́ pa á lẹ́nu mọ́ torí eré kan. Nǹkan múlọ́múlọ́ tó wà láàrin egungun orúnkún, tó bá ti jẹ tán kì í sábà hù padà, egungun á wá máa ha egungun, ẹni tó ń sáré bí ehoro láná á wá máa di ògiri mú kó tó lè gun àtẹ̀gùn ilé ara ẹ̀.

Owó náà wà níbẹ̀. Joe Louis, abẹ̀ṣẹ́ ará Amẹ́ríkà, ti fẹ̀yìntì, gbèsè owó orí ló dá a padà sídìí ẹ̀ṣẹ́, Rocky Marciano sì lù ú bolẹ̀ ní ráúǹdù kẹjọ lọ́dún 1951. Ẹ wá iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì ń mówó wọlé.

Àwọn kan ní àwọn ò ní lọ láìgba ife. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars àti Nàìjíríà, ò dúró de ife ní tiẹ̀. Zamalek na Shooting Stars Ìbàdàn nínú àṣekágbá ife kílọ́ọ̀bù Áfíríkà ní 1984, ó sì fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ níbẹ̀, lẹ́ni ọdún 32. Góòlù méjì tó jẹ sáwọ̀n Àlùjíríà nínú àṣekágbá Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ní 1980 la ṣì ń sọ títí dòní.

Lẹ́yìn eré mo lọ bá ẹ̀gbọ́n. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọjọ́ kan, ẹ sọ fún ìyàwó yín, kẹ́ ẹ wá máa kọ́ àwọn ọmọ yìí, eré wà lẹ́sẹ̀ wọn lóòótọ́ ṣùgbọ́n wọn ò mọ ibi tó yẹ kí wọ́n dúró sí. Ó ń tú báńdéèjì, orúnkún ti wú. Ó ní, "Àbúrò, wọ́n á ṣì máa pe orúkọ yẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n, wọ́n á máa pè é.