Ìrírí mi: Bí mo ṣe gba inú Yorùbá kọ́ èdè Látìnì lọ́dọ̀ olùkọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì

Ìwé tí mo kà tán pẹ̀lú olùkọ́ mi ni Familia Romana, apá kìíní Lingua Latina per se illustrata tí Hans Ørberg kọ. Orí 35 ni, Látìnì sì ni gbogbo rẹ̀ láti gbólóhùn àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn. Torí ẹ̀ ni mo ṣe mú un. Ọmọ Yorùbá tó bá ń fi ìwé elédè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ Látìnì, odò méjì ló ń là kọjá kó tó gúnlẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ nǹkan tó ń da àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì láàmú nínú Látìnì ni Yorùbá ti yanjú tipẹ́.

Kí n tó sanwó oṣù kan fún olùkọ́, kíláàsì ẹyọ kan ni mo kọ́kọ́ san, mo sì fi yẹ nǹkan mẹ́ta wò. Ìkíní, irú pípè wo ló ń kọ́ni? Nínú pípè àtijọ́, c ń dún bíi k níbi gbogbo, v sì ń dún bíi w. Nínú pípè ìjọ Àgùdà, c tó bá ṣáájú e tàbí i ń dún bí àwọn ará Ítálì ṣe ń pè é. Ẹni tó fẹ́ kọrin ìsìn, kó mú ti ìjọ. Èmi mú ti àtijọ́ torí àwọn òǹkọ̀wé Róòmù ni mo fẹ́ kà. Ohun tí kò dáa ni kéèyàn máa da méjèèjì pọ̀. Ìkejì, mo ní kó ka ìdajì ojú ìwé sókè. Olùkọ́ tí kì í fa fáwẹ̀lì gígùn kò lè kọ́ mi ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe. Ìkẹta, mo bi í bóyá yóò máa tún Látìnì tí èmi bá kọ ṣe. Bó bá jẹ́ àlàyé gírámà nìkan ló fẹ́ máa ṣe, ìwé gírámà ti tó fún ìyẹn.

Ní ti àkókò, kí ẹni tí olùkọ́ rẹ̀ bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi Sunday tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹta àti èyí tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹwàá sọ́kàn. Láàárín méjèèjì, aago wa àti tiwọn dọ́gba. Ní ìyókù ọdún, a fi wákàtí kan ṣáájú wọn, nítorí àwa kì í yí aago padà. Kíláàsì aago 7 ìrọ̀lẹ́ tiwọn á di aago 8 alẹ́ wa ní Nàìjíríà. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé aago ta ni à ń tẹ̀ lé. Zoom ọ̀fẹ́ máa ń já ní ìṣẹ́jú 40. Google Meet kì í já ènìyàn méjì bẹ́ẹ̀, òun la sì lò.

Ohun tí nẹ́tíwọ̀kì kọ́kọ́ máa ń gbé mì ni ìparí ọ̀rọ̀, ìparí ọ̀rọ̀ gan-an sì ni Látìnì gbé ìtumọ̀ sí. Bí ohùn bá ṣe segesège díẹ̀ báyìí, puella, puellā àti puellam, ìrísí mẹ́ta ọ̀rọ̀ "ọmọbìnrin", á dún bákan náà létí. Nítorí náà, Google Docs kan máa ń ṣí sílẹ̀ níwájú àwa méjèèjì, gbólóhùn tí a bá sì sọ, a ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá ń rọ, fídíò ni kí a pa, kí ohùn lè dúró. Ìkàwé sókè ní tirẹ̀, ohùn tí a gbà sílẹ̀ lórí WhatsApp ni mo fi ń ránṣẹ́, torí olùkọ́ lè tẹ́tí sí i lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta. Láti tẹ ā tàbí ē lórí fóònù, tẹ lẹ́tà náà mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, yóò yọ.

Ìlà orí ā yẹn kì í ṣe àmì ohùn. Àwa tí ojú wa ti mọ́ àmì ohùn lórí fáwẹ̀lì máa ń fẹ́ kọ ọ́ lórin. Gígùn ló ń sọ: ā Látìnì dà bíi aa inú aago. Malum ni ibi, mālum ni èso ápù. Venit ni "ó ń bọ̀", vēnit ni "ó ti dé". Ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìfi ìlà sí i yóò padà wá tún un kọ́. Ibi tí ẹnu wa ti máa ń ṣàṣìṣe jù ni kọ́ńsónáǹtì tó so pọ̀: a ó fẹ́ ti fáwẹ̀lì bọ àárín st inú stella, a ó sì fẹ́ sọ nn inú annus di ẹyọ kan. Ibi kan sì wà tí ẹnu wa ti gbọ́n ju ti àwọn mìíràn: m tó parí ọ̀rọ̀ kì í dún tán nínú pípè àtijọ́, imú ni fáwẹ̀lì ń gbà. Lupum parí gẹ́gẹ́ bí okùn ṣe parí. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì máa ń kọ́ èyí pẹ̀lú wàhálà.

Orí kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ mẹ́ta lẹ́yìn: Pensum A jẹ́ ìparí ọ̀rọ̀, B jẹ́ ọ̀rọ̀ tó fò, C jẹ́ ìbéèrè tí a ó fi Látìnì dáhùn. Mo máa ń ka ìtàn orí náà sókè títí n kò fi ní dúró mọ́ láàárín gbólóhùn, kí n tó fọwọ́ kan Pensum kankan. Ní alẹ́ tó ṣáájú kíláàsì ni mo ń fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́, kí àkókò kíláàsì má bàa lọ sórí mímáàkì. Orí 1 sí 5 lè lọ ní ọ̀kan lọ́sẹ̀, bí kíláàsì bá jẹ́ méjì lọ́sẹ̀. Orí 16, níbi tí sequitur ti ní ìparí "wọ́n ṣe é" (-tur) lọ́rùn ṣùgbọ́n tó túmọ̀ sí "ó ń tẹ̀lé e", àti orí 27 tí subjunctive (ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe fún ohun tí a fẹ́ tàbí tí a pa láṣẹ) bẹ̀rẹ̀, kí a fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì.

Nínú Anki, áàpù káàdì tí mo fi ń há ọ̀rọ̀ sórí, n kò kọ ọ̀rọ̀-orúkọ kan ní ẹyọ rí. Rēx (ọba), rēgis (ti ọba), m. (akọ) ni mo ń kọ, torí rēx nìkan kò fi g inú rēgis hàn. Ọ̀rọ̀-ìṣe ń gba ìrísí mẹ́rin: dūcō, dūcere, dūxī, ductum. Ọ̀rọ̀ tuntun 10 lójúmọ́ ti tó.

Ní abẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, Yorùbá ni mo kọ sí ìwé mi. Olùkọ́ mi kò gbọ́ Yorùbá, kò sì dí wa lọ́wọ́: Látìnì ló fi ń yẹ̀ mí wò, quis? quem? cui? Ta ló ṣe é, ta ni wọ́n ṣe é sí, ta ni wọ́n fún? Bí mo bá dáhùn dáadáa, ó ti yé mi nìyẹn.

Ẹ wo ablative, ìrísí ọ̀rọ̀-orúkọ tó máa ń fi ohun tí a fi ṣe nǹkan hàn. Agricola gladiō lupum necat: àgbẹ̀ fi idà pa ìkookò. Agricola cum amīcō venit: àgbẹ̀ ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, with, ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún méjèèjì, ìdí nìyẹn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ cum gladiō. Ibi tí Yorùbá bá ti sọ "fi", ablative lásán ni. Ibi tó bá ti sọ "pẹ̀lú", cum ni. Dative, ìrísí ẹni tí a fún ní nǹkan, náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá "fún" mu: pater fīliō librum dat, bàbá fún ọmọ rẹ̀ ní ìwé. Ṣùgbọ́n "jà fún ìlú" kì í ṣe dative, prō patriā ni.

Orí 6 ni Yorùbá ti ń tan ni jẹ, nítorí èdè wa kò ní passive, ìyẹn gbólóhùn tí ẹni tí wọ́n ṣe nǹkan sí ti jẹ́ olùwà. Lupus necātur, a ó ní "wọ́n pa ìkookò náà". Nínú Yorùbá, ìkookò ti di àbọ̀, ọwọ́ á sì fẹ́ kọ lupum necātur. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ń wo ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe kí n tó wo ohunkóhun: bí mo bá rí -tur tàbí -ntur, tí kì í ṣe ẹbí sequitur, ẹni tí wọ́n ṣe é sí gbọ́dọ̀ wà ní nominative, ìrísí olùwà. Lẹ́yìn ìyẹn, "fi" tún wúlò: lupus sagittā necātur, wọ́n fi ọfà pa á, lupus ab agricolā necātur, àgbẹ̀ ló pa á. Ènìyàn ń gba ab, irinṣẹ́ kì í gbà á.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù wà ní orí 11. Marcus dīcit sē venīre: Marcus sọ pé òun ń bọ̀. Marcus dīcit eum venīre: Marcus sọ pé ó ń bọ̀, ẹlòmíràn ni. Òun ni sē, ó ni eum. Ọmọ tó ń sọ Yorùbá nílé ti mọ ìyàtọ̀ yìí kó tó mọ ìwé kà. Ohun tí a gbọ́dọ̀ jáwọ́ nínú rẹ̀ ni wíwá ọ̀rọ̀ fún "pé". Kò sí níbẹ̀: olùwà di accusative (ìrísí àbọ̀), ọ̀rọ̀-ìṣe di infinitive (irú venīre), ó tán. Quod àti quia máa ń ṣiṣẹ́ "pé" nínú Bíbélì Látìnì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kọ irú Látìnì Cicero, òǹkọ̀wé Róòmù àtijọ́, kò gbọdọ̀ lò wọ́n bẹ́ẹ̀. Suus àti eius ló le fún wa, torí "rẹ̀" gbé méjèèjì: servum suum vocat, ó ń pe ẹrú tirẹ̀ gan-an, servum eius vocat, ó ń pe ẹrú ẹlòmíràn. Bí mo bá ń túmọ̀, "ti ara rẹ̀" ni mo ń kọ fún suus, kò báà dún gọ́tagọ̀ta.

Lẹ́yìn orí 35, ìwé kìíní ìtàn ogun Gaul tí Julius Caesar kọ la gbé, èyí tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Perseus, ibi ìkówèésí orí íntánẹ́ẹ̀tì. Logeion, ìwé atúmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni mo fi ń wá ọ̀rọ̀. Caesar kì í pe ara rẹ̀ ní "èmi" nínú ìtàn náà, orúkọ rẹ̀ ló ń dá, ọ̀rọ̀ àwọn aṣojú tó wá bá a sì máa ń gùn lọ láìsí ẹni tó sọ̀rọ̀ ní ẹnu ara rẹ̀. Ìlà márùn-ún sí mẹ́fà ti tó fún kíláàsì kan níbẹ̀rẹ̀. Mo máa ń fi pẹ́ńsù kọ "òun" sórí gbogbo sē àti sibi, n ó sì kọ orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìtumọ̀.